Orí Karùn-ún: Ọjọ́ Tí Ofsted Bá Fẹ́ Wá Wo Ilé Yín

Bí fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ bá ti kúrò lọ́wọ́ yín, tí ìwé DBS, àyẹ̀wò bóyá èèyàn ní ẹ̀sùn ọ̀daràn, sì ti wà lójú ọ̀nà, ohun tó kù tó máa ń dẹ́rù ba àwọn obìnrin wa jù ni ìbẹ̀wò. Fóònù á dún tàbí ímeèlì á wọlé pé aṣàyẹ̀wò kan láti Ofsted, àjọ ìjọba tó ń forúkọ àwọn olùtọ́jú ọmọ sílẹ̀, ń bọ̀ wá wo ilé tí ẹ fẹ́ máa gbé ṣe iṣẹ́ childminder, ìyẹn títọ́jú ọmọ ọlọ́mọ fún owó. Láti ọjọ́ náà, oorun á dínkù. Àwọn kan á ra kápẹ́ẹ̀tì tuntun. Àwọn kan á kun ògiri. Àwọn mìíràn á kó ìdajì ẹrù ilé lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò kí pálọ̀ lè fẹ̀.

Ojú tí àwọn òbí wa fi ń wo wolé-wolé nílé ni a fi ń wo aṣàyẹ̀wò yìí: ẹni tó ń bọ̀ wá ṣí ìkòkò omi wò bóyá tanwíjí wà níbẹ̀, tí yóò sì kọ ìwé ẹjọ́ fún ẹni tí àgbàlá rẹ̀ bá dọ̀tí. Nítorí ojú yẹn la ṣe máa ń fọ ilé títí ọwọ́ á fi bó, tí a ò sì ní múra ohun tí a máa sọ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ọ́ báyìí: ilé tó dára lásán kò gba ìwé ẹ̀rí fún ẹnikẹ́ni. Mo ti rí fúláàtì kékeré tó yege, mo sì ti gbọ́ nípa ilé ńlá tí kò yege. Ohun tí aṣàyẹ̀wò ń wá ni bóyá ẹ ti fi ojú ọmọ ọdún kan ààbọ̀ wo ilé yín, àti bóyá ẹ mọ ohun tí ẹ máa ṣe lọ́jọ́ tí nǹkan bá yíwọ́.

Àwọn tí òfin mú

England nìkan ni orí yìí kàn. Ní Wales, Care Inspectorate Wales ni ẹ máa bá sọ̀rọ̀. Ní Scotland, Care Inspectorate ni. Ìlànà wọn jọra ṣùgbọ́n kò dọ́gba.

Òfin tó ń darí ọ̀rọ̀ yìí ní England ni Childcare Act ti ọdún 2006. Ẹni tó bá ń gba owó láti tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ tí kò tíì pé ọdún 8, nínú ilé ara rẹ̀, fún ohun tó ju wákàtí 2 lọ lóòjọ́, gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀. Kì í ṣe owó beba nìkan ni òfin ń pè ní owó. Bí ìyá ọmọ bá ń fi àpò ìrẹsì àti gálọ́ọ̀nù epo pupa san án lóṣooṣù, ó ti san owó. Ìyá àgbà àti bàbá àgbà ọmọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò àwọn òbí rẹ̀, òfin kò mú wọn. Ibí yìí ni ẹsẹ̀ àwọn èèyàn wa ti máa ń yọ̀, torí pé a ti kọ́ ọmọ láti máa pe gbogbo obìnrin tó ju ìyá rẹ̀ lọ ní àǹtí. Ọmọ arábìnrin inú ìjọ yín, ọmọ ará ìlú yín, ọmọ ẹni tí ẹ jọ wọ bàálù kan náà wá, ọmọ ọlọ́mọ ni gbogbo wọn lójú òfin.

Ní ọdún 2009, ariwo ńlá sọ ní England nígbà tí Ofsted ní kí àwọn ọlọ́pàá obìnrin méjì kan dáwọ́ dúró. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Bí ọ̀kan bá wà lẹ́nu iṣẹ́, èkejì á bá a mójú tó ọmọ, wọn ò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ara wọn. Ofsted ní èrè ni kí á máa bára ẹni tọ́jú ọmọ. Inú bí aráàlú, ìjọba sì padà yọ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ láàárín ọ̀rẹ́ kúrò lábẹ́ òfin, níwọ̀n ìgbà tí owó kò bá ti wọ̀ ọ́. Bí owó bá ti wọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Bí ọmọ náà bá sì máa sùn lọ́dọ̀ yín fún ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ti kúrò ní childminder, ẹ ti di alágbàtọ́, káńsù gbọ́dọ̀ gbọ́ sí i.

Ẹni tó bá ń kùn pé àyẹ̀wò yìí ti pọ̀ jù, kí ó béèrè bó ṣe rí láyé àwọn tó ṣáájú wa wá. Láti bí ọdún 1950 lọ, àwọn ọmọ Nàìjíríà àti Gánà tí wọ́n wá kàwé síbí, tí wọ́n ń kàwé lọ́sàn-án tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lóru, máa ń polówó nínú ìwé ìròyìn Nursery World pé àwọn ń wá ẹni tó máa bá àwọn tọ́ ọmọ. Àwọn ìdílé òyìnbó ní Kent, ní Sussex, ní Essex á dáhùn, wọ́n á sì gbé ọmọ lọ fún wọn. Òṣèré nì, Adewale Akinnuoye-Agbaje, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, wà lára wọn. London ni wọ́n bí i sí ní 1967. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló wà tí wọ́n fi gbé e lọ sí Tilbury. Ìtàn yẹn ló fi ṣe fíìmù rẹ̀, Farming, tó jáde ní 2018. Àwọn ọmọ kan bọ́ sọ́wọ́ ìyá rere. Àwọn mìíràn jìyà tí ẹnu kò lè sọ tán, ẹnikẹ́ni kò sì ti wọlé wo ibi tí wọ́n ń sùn. Òfin ìforúkọsílẹ̀ childminder ti wà láti 1948, àwọn káńsù ló sì ń bójú tó o kó tó bọ́ sọ́wọ́ Ofsted ní 2001. Ọmọ tí òbí fúnra rẹ̀ fi ìpolówó wá ilé fún kò sí lábẹ́ òfin yẹn rárá.

Ìwé tí ẹ máa tò sórí tábìlì

Ẹ kó gbogbo ìwé jọ sínú fáìlì kan, kí ẹ má baà máa sáré gun àtẹ̀gùn nígbà tí àlejò bá ti jókòó. Páásípọ́ọ̀tù tàbí ìwé mìíràn tó fi yín hàn, ìwé tó fi àdírẹ́sì hàn, ìwé DBS, ìwé ẹ̀rí ìtọ́jú pàjáwìrì fún ọmọdé. Èyí tó kẹ́yìn yìí gbọ́dọ̀ jẹ́ ti wákàtí 12, a sì máa ń tún un ṣe lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Wọ́n á fi èyí tí ẹ parí lórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín wákàtí méjì lọ̀ yín lówó pọ́ọ́kú. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹ fi ìwé ẹ̀kọ́ ìdáàbòbò ọmọ kún un, pẹ̀lú ìwé ìnṣọ́ránsì tàbí iye tí ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ti sọ fún yín, torí pé ẹ ò lè gba ọmọ kankan láìní in. Bí ilé bá jẹ́ ti lánlọ́ọ̀dù tàbí ti káńsù, ẹ gba ìyọ̀ǹda rẹ̀ kó wà lákọsílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ DBS ló ń dá àwọn èèyàn wa dúró jù, ohun méjì ló sì ń fà á. Àkọ́kọ́ ni orúkọ. Ẹ ti lè jẹ́ Fọláṣadé lórí ìwé WAEC, Grace lórí ìwé ìrìbọmi, kí ẹ sì ti fi orúkọ ọkọ àkọ́kọ́ ṣí àkáǹtì báńkì. Gbogbo orúkọ tí ẹ ti jẹ́ rí ni kí ẹ kọ sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ fi jẹ́ ẹ. Ẹni tó bá fi ọ̀kan pa mọ́ nítorí pé àlàyé rẹ̀ gùn, ńṣe ló máa dà bíi pé ó ń sá fún nǹkan.

Ìkejì ni àwọn tó ń gbé inú ilé. Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ni wọ́n máa ṣe àyẹ̀wò fún. Gbogbo ẹni tó bá ti pé ọdún 16 tó sì ń gbé nínú ilé náà, ọkọ yín, ọmọ yín tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, àyálégbé tó wà ní yàrá òkè, gbogbo wọn ló máa ṣe DBS. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ní ẹ̀sùn lẹ́yìn tí òfin fi sọ pé kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú ọmọ, ó lè ba tiyín jẹ́ nítorí pé ẹ jọ ń gbé, bí ọwọ́ yín tilẹ̀ mọ́ bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Ẹ wá ro ti àbúrò tó wá láti Ìbàdàn fún ọ̀sẹ̀ méjì tó sì ti lo oṣù márùn-ún. Àlejò kọ́ nìyẹn mọ́. Ó ti ń gbé nílé yín. Ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó bá a níbẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá gba ìwé ẹ̀rí tán náà, bí ẹnikẹ́ni tó ti pé ọdún 16 bá kó wọlé, ẹ ní ọjọ́ 14 láti fi tó Ofsted létí. Ọmọ yín tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pé 16 wà nínú rẹ̀.

Ẹni tó bá ti gbé lókè òkun láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn tún máa nílò ìwé láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá orílẹ̀-èdè ibẹ̀ pé òun kò ní ẹ̀sùn. Bí ó bá jẹ́ Nàìjíríà, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀. Ofsted máa ń sọ pé gbogbo ètò ìforúkọsílẹ̀ lè gbà tó ọ̀sẹ̀ 12. Ìwé kan ṣoṣo tó há sọ́nà ló máa ń sọ ọ́ di oṣù mẹ́fà.

Nípa ìwé, ohun kan ṣì wà tí mo fẹ́ kìlọ̀ lé lórí. Àwọn kan ń ta àkópọ̀ ìlànà iṣẹ́, ogójì ojú ìwé, pẹ̀lú àyè tí ẹ máa kọ orúkọ yín sí. Òfin kò béèrè pé kí childminder kọ ìlànà rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tó béèrè ni pé kó lè ṣàlàyé rẹ̀ fún òbí àti fún aṣàyẹ̀wò. Bí ẹ bá ra àkópọ̀ yẹn, aṣàyẹ̀wò á ṣí ojú ìwé kan, á bi yín ní ìtumọ̀ ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ fi owó yẹn ra géètì ẹnu àtẹ̀gùn.

Ẹ fi orúnkún rìn ín

Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìbẹ̀wò, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ sì rá kiri inú ilé. Mi ò ṣe àwàdà. Láti ibi tí ojú ọmọ wà, ẹ máa rí okùn kẹ́túlù tó ṣòrò sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ẹ máa rí okùn aṣọ fèrèsé tó lè fún ọmọ lọ́rùn, ẹ máa rí àpò yín nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga pẹ̀lú Panadol nínú rẹ̀. Ẹ máa rí rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n tí ìdérí bátìrì rẹ̀ ti já. Bátìrì róbótó kékeré bíi bọ́tìnnì, tó máa ń wà nínú ohun ìṣeré àti àwọn rìmóòtù kan, ni kí ẹ bẹ̀rù jù: ọmọ tó bá gbé e mì, ó lè jó o lọ́nà ọ̀fun láàárín wákàtí díẹ̀.

Ilé ìdáná wa ní ìwà tirẹ̀ tí ìwé àwọn òyìnbó kò mẹ́nu bà. Kò sí ilé Yorùbá tí ń ju ike dànù. Inú ike omi mímu ni Jik wà lábẹ́ síńkì, inú ike omi mímu ni epo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáàsì, inú ike omi mímu náà ni àgbo jẹ̀díjẹ̀dí Bàbá wà nínú fíríìjì, ní ìpele ìsàlẹ̀ níbi tí ọwọ́ ọmọ ti lè tó o. Ẹ̀yin mọ èyí tó jẹ́ èwo. Ọmọ ọdún méjì kò mọ̀, ẹni tó wá bá yín ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ kan kò mọ̀. Ẹ dá ohun ìfọlẹ̀ padà sínú ike tó bá wá, ẹ gbé e sókè, kí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sí kọ́bọ́ọ̀dù náà. Àgbo àti oògùn gbogbo, ibi tó ní kọ́kọ́rọ́ ni. Aṣàyẹ̀wò kò ní bá yín jà pé ẹ ń mu àgbo; ibi tó wà ló máa wò.

Ẹ gbé àpò ìrẹsì kúrò lẹ́nu ọ̀nà tí ẹ máa gbà jáde bí iná bá ṣẹ́ yọ. Ẹ wá àyè fún odó. Fúláàsì omi gbígbóná, ẹ̀rọ ìlọta, ìkòkò tí a gbé sílẹ̀ láti ro ọkà, ẹ ronú ibi tí ọmọ máa wà nígbà tí ẹ bá ń lò wọ́n. Ìbéèrè kan tí wọ́n máa ń bi èèyàn ni bí ó ṣe máa dáná nígbà tí ọmọ mẹ́ta wà nílé. “Màá pọ̀n ọ̀kan” kì í ṣe ìdáhùn. Kò sí ohun tó burú nínú pípọn ọmọ bí òbí rẹ̀ bá fẹ́ ẹ, àmọ́ ọmọ kò gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ẹni tó ń dín dòdò. Ìdáhùn tó dára ni pé ọbẹ̀ ti wà nínú fíríìsà láti òpin ọ̀sẹ̀, ẹ kàn máa gbé e gbóná nígbà tí wọ́n bá wà nínú àga wọn níwájú yín.

Oúnjẹ fúnra rẹ̀ ń kọ́? Ìlànà ni pé ojú yín gbọ́dọ̀ tó ọmọ kí etí yín sì máa gbọ́ ọ ní gbogbo ìgbà tó bá ń jẹun. Ẹ̀pà lódidi, èso àjàrà tí a kò là, eegun ẹja tútù, òkèlè iyán tó tóbi: gbogbo wọn ló lè fún ọmọ lọ́rùn. Rírọ ọmọ ni kí ẹ má tilẹ̀ mẹ́nu bà pé ẹ fẹ́ ṣe. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa ni wọ́n rọ ní ògì tí a sì dàgbà. Fífi ọwọ́ dí imú ọmọ kó lè mì jẹ́ ohun tó lè pa á, bí ọmọ bá sì délé tó ń sunkún pé àǹtí dì mí mú, ẹ̀sùn ni.

Iná: kí ẹ̀rọ tí ń ké bí èéfín bá rú wà ní àjà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ wò níṣojú aṣàyẹ̀wò bó bá ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Kí aṣọ ìpaná wà ní ilé ìdáná. Kí kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà níbi tí àgbà ti lè mú un lójú kan náà. Ẹ̀yin ará Sẹ̀lẹ́ àti Kérúbù, àbẹ́là àti tùràrí gbọ́dọ̀ ti kú kí ọmọ àkọ́kọ́ tó wọlé. Sìgá náà kò gbọ́dọ̀ wọlé nígbà tí ọmọ bá wà níbẹ̀ tàbí tó bá kù díẹ̀ kó dé, àti èyí tí wọ́n ń fi bátìrì fà.

Àyè: ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 nílò mítà 3.5 níbùú lóròó, ọmọ ọdún 2 nílò 2.5, ọmọ ọdún 3 sí 5 nílò 2.3. Pálọ̀ tó jẹ́ mítà 3 sí mítà 4 ti tó ọmọ kékeré mẹ́ta bí àga ńláńlá kò bá gbà á tán. Mẹ́ta náà sì ni ọ̀pọ̀ childminder lè gbà nínú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọjọ́ orí ilé ìwé, ọ̀kan péré nínú wọn ló lè wà lábẹ́ ọdún kan. Gbogbo ọmọ tí kò tíì pé 8, lápapọ̀, kò gbọ́dọ̀ ju mẹ́fà lọ. Ọmọ tí ẹ bí nínú ara yín wà nínú òǹkà yìí. Àwọn kan máa ń gbàgbé.

Ìbéèrè tó gbé ilé wó

Lẹ́yìn tí ó bá ti yí ilé ká, aṣàyẹ̀wò á jókòó. Ó lè gba tíì, ó lè kọ̀ ọ́. Ẹ má fi ìrẹsì àti ẹran lọ̀ ọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí.

Á bi yín ní ohun tí ẹ mọ̀ nípa EYFS, ìlànà tí gbogbo olùtọ́jú ọmọ kékeré ní England ń tẹ̀ lé láti 2008. Èyí tí wọ́n kọ fún childminder nìkan wà lọ́tọ̀ láti January 2024. Òun ni kí ẹ kà, ẹ kà á tán. Ẹ má há a sórí. Bó bá bi yín bí ẹ ṣe máa ran ọmọ lọ́wọ́ láti mọ ọ̀rọ̀ sọ, ẹ sọ ohun tí ẹ máa ṣe ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé: ìwé wo ni ẹ máa kà, orin wo ni ẹ máa kọ. Èdè Yorùbá yín wúlò níbí. Ìlànà náà sọ ọ́ ní kedere pé ọmọ tó ń gbọ́ èdè mìíràn nílé gbọ́dọ̀ ní àǹfààní láti lò ó nínú eré. Bojúbojú àti àlọ́ jẹ́ ẹ̀kọ́. Ẹ sọ ọ́ láìtijú, kí ẹ sì tún fi hàn pé gẹ̀ẹ́sì yín tó láti pe áḿbúláǹsì àti láti kọ ìròyìn ọmọ sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìdáàbòbò ọmọ. Ìbéèrè náà sábà máa ń wá bí ìtàn: “Ọmọ ọdún méjì kan dé láàárọ̀, ẹ rí i pé apá rẹ̀ wú, ó sì ní ilà pupa lẹ́yìn. Kí lẹ máa ṣe?”

Èyí tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn wa jù nígbà tí a bá jọ ń dán ara wa wò ni: “Màá pe ìyá rẹ̀ sẹ́yìn, màá bá a sọ̀rọ̀ bíi ẹ̀gbọ́n, a ó jọ gbàdúrà.” Àánú ló wà nínú ìdáhùn yẹn, àmọ́ ó lè mú kí wọ́n kọ̀ láti fún yín ní ìwé ẹ̀rí. Ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ ni pé ẹ máa kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Pé bí ọmọ bá sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gan-an ni ẹ máa kọ, ẹ ò ní máa bi í ní ìbéèrè tó ń fi ìdáhùn sí i lẹ́nu. Pé ẹ ò ní ṣèlérí àṣírí fún un. Pé lọ́jọ́ náà gan-an ni ẹ máa pe ẹ̀ka tó ń bójú tó ọmọdé ní káńsù, tàbí 999 bí ewu bá wà lójú ẹsẹ̀. Ẹ ní nọ́ńbà káńsù yín sílẹ̀, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì. Ó máa béèrè ibi tó wà.

Bó bá bi yín pé bí ẹ̀sùn náà bá kan ọkọ yín ńkọ́, ẹ má bínú. Gbogbo èèyàn ni wọ́n ń bi. Ìdáhùn kan náà ni: ẹ máa sọ fún káńsù àti Ofsted, ọkọ yín kò sì ní sún mọ́ ọmọ títí ìwádìí á fi parí. Ẹni tó bá dáhùn pé ọkọ òun kò lè ṣe irú ẹ̀ láé ti dáhùn ìbéèrè mìíràn.

Wọ́n máa mẹ́nu ba dídábẹ́ fún ọmọbìnrin. Ẹ má ṣe bí ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Wọ́n mọ̀ pé wọ́n ń ṣe é ní àwọn apá kan ilẹ̀ wa, ìwà ọ̀daràn sì ni níbí, kódà bó bá jẹ́ pé wọ́n gbé ọmọ lọ sílé ni wọ́n ti ṣe é. Bí ẹ bá gbọ́ pé ọmọ ọdún mẹ́rin kan ń lọ “ṣe ayẹyẹ” lọ́dọ̀ ìyá àgbà, ẹ mọ ẹni tí ẹ máa pè. Wọ́n tún lè béèrè nípa àwọn tí ń fi èrò ìpániláyà sí ọmọ lórí, àti nípa ọmọ tí wọ́n ń pè ní àjẹ́. Ọ̀nà kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń gbà: ẹ rí i, ẹ kọ ọ́, ẹ sọ ọ́.

Ohun kékeré kan tó máa fi yín hàn bí ẹni tó mọṣẹ́: ọ̀pọ̀ ọmọ dúdú ni a bí pẹ̀lú àmì aláwọ̀ aró nídìí tàbí lẹ́yìn, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n sì lè rò pé ojú ẹgba ni. Ẹ sọ pé ní ọjọ́ tí ọmọ bá kọ́kọ́ dé, ẹ̀yin àti òbí rẹ̀ máa jọ kọ irú àmì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ẹ ó sì jọ fọwọ́ sí i. Bákan náà ni ojú ọgbẹ́ tó bá gbé wá láàárọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹgba

Mo yà á sọ́tọ̀ nítorí pé òun ló ti ba ọ̀pọ̀ ìbẹ̀wò jẹ́. Childminder kò gbọ́dọ̀ lu ọmọ, kò sì gbọ́dọ̀ fi lílù dẹ́rù bà á. Ìfọ́tí kékeré, ìkó lórí, yíyí etí, “kúnlẹ̀ kí o gbé ọwọ́ sókè,” kò sí ọ̀kan tí wọ́n gbà láyè. Bí òbí bá tilẹ̀ kọ ìwé pé kí ẹ nà án, ẹ ò lè nà án. Ní Scotland láti 2020 àti ní Wales láti 2022, òbí pàápàá kò gbọ́dọ̀ nà á mọ́.

Aṣàyẹ̀wò kò ní béèrè bóyá ẹ máa lu ọmọ. Á ní: “Ọmọ ọdún mẹ́ta kan gé ẹlòmíràn jẹ. Kí lẹ máa ṣe?” Ẹ yà wọ́n, ẹ tọ́jú èyí tó fara pa, ẹ bá èyí tó géni jẹ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, ẹ wá ohun tó fà á, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ sọ fún òbí méjèèjì láìdárúkọ ọmọ kan fún ẹnì kejì. Kò pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má fi ẹ̀rín kún un pé “nílé wa, a ti mọ ohun tí à bá ṣe fún un.” Mo mọ obìnrin kan tó sọ ọ́ bí àwàdà, ó sì di ohun tí wọ́n fi ìdajì wákàtí bi í léèrè.

Ọ̀kan tún wà tó fara pẹ́ ẹ. “Bàbá ọmọ rán àbúrò rẹ̀ wá gbé e. Ọmọ náà mọ̀ ọ́n, ó ń sáré lọ dì mọ́ ọn. Ṣé ẹ máa fún un?” Rárá. Ẹni tí òbí kò bá ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún yín kò lè gbé ọmọ lọ, ì báà jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù. Ẹ pe òbí náà kó tó kọjá ẹnu ọ̀nà. Ojú máa ń ti wa láti ṣe irú èyí sí àgbàlagbà. Ẹ kọ́ bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Lẹ́yìn tó bá lọ

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni aṣàyẹ̀wò máa ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé kó tó dìde. Bó bá ní kí ẹ tún nǹkan ṣe, bíi géètì tàbí kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ ṣe é lọ́jọ́ náà, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́.

Bó bá jẹ́ pé ìdáhùn yín ni kò tẹ́ ẹ lọ́rùn ńkọ́? Èyí ni ibi tí ẹ ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra gidigidi. Ẹni tí Ofsted bá kọ̀ láti fún ní ìwé ẹ̀rí, òfin lè ka ẹni náà sí ẹni tí kò yẹ fún iṣẹ́ ìtọ́jú ọmọ mọ́, ó sì lè dí i lọ́nà ní nọ́sìrì pàápàá. Àmọ́ kí wọ́n tó kọ̀, wọ́n máa ń fi ìwé ránṣẹ́ pé àwọn ní i lọ́kàn láti kọ̀. Kí ìwé yẹn tó dé, ẹ lè fa ìbéèrè yín padà fúnra yín, kí ẹ lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tó bá ti dé, ẹ ò lè fà á padà mọ́ àfi bí wọ́n bá gbà fún yín. Ìtìjú kò sí nínú kí á fa ìbéèrè padà. Mo mọ ẹni tó fà á padà tó sì gba ìwé ẹ̀rí nígbà kejì, ilé rẹ̀ ti kún fún ọmọ báyìí.

Bí gbogbo rẹ̀ bá lọ déédéé, ìwé ẹ̀rí á dé pẹ̀lú nọ́ńbà yín. £35 ni owó ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọọdún fún childminder tó wà lórí Early Years Register. Ẹ fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì, kí ẹ sì pe ẹ̀ka ìtọ́jú ọmọ kékeré ní káńsù yín, torí ọwọ́ wọn ni owó tí ìjọba ń san lórí wákàtí ọ̀fẹ́ àwọn ọmọ wà.

Ṣùgbọ́n títí ìwé náà á fi wọlé láti ẹnu ọ̀nà, ẹ má gba ọmọ kankan. Àwọn ìyá á bẹ̀ yín. Wọ́n á ní ọ̀sẹ̀ méjì péré ni, iṣẹ́ fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn, ẹ ti ṣe ìbẹ̀wò tán, kí ló kù. Ẹ sọ fún wọn pé ọjọ́ tí ó wà lórí ìwé ni iṣẹ́ yín bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá gba ọmọ ṣáájú ọjọ́ yẹn ti rú òfin, ẹjọ́ sì lè ti ibẹ̀ wá.